Igbó tí ẹ ní kí ìnàkí sá lọ ti ní onílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Ìṣẹ̀-Ekìtì ni mí. N kì í sábà kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni náà ń rọ ìjọba pé kí wọ́n gé lára igbó ìjọba tó kù fún àwa àgbẹ̀ oníkòkó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ ẹranko dí àgbẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìnàkí tó wà níbẹ̀ yóò kó lọ sí igbó mìíràn. N kò bá a jà lórí kòkó. Owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi nílé ìwé, èmi náà sì ní oko kòkó lónìí. Ọ̀rọ̀ “kó lọ sí igbó mìíràn” yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olóyè, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu agégẹdú, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan bi wọ́n léèrè pé igbó ta ni?

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìnàkí tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chimpanzee. Ẹ̀yà mẹ́rin ni wọ́n ní Áfíríkà. Tiwa yìí, tó wà láti Nàìjíríà dé àríwá odò Sanaga ní Kamẹrúùn, ló kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iye tí wọ́n fojú dá pé ó kù kò tó 9,000. Díẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá: nínú igbó Ìṣẹ̀ níbí, ní apá Ìdànrè, nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 2009, Elizabeth Greengrass, tó ti wá ìnàkí kiri nínú àwọn igbó wa, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn olùwádìí láti FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, náà ti wọ igbó Ìṣẹ̀ wá wo ìtẹ́ wọn lórí igi.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ ni pé onílẹ̀ ni ìnàkí. Agbo kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé, àwọn akọ inú agbo ló sì ń ṣọ́ ọ. Inú agbo tí wọ́n bí akọ sí náà ni yóò wà títí ikú. Bí àjèjì bá wọ ilẹ̀ wọn, tí àwọn onílẹ̀ sì rí i pé àwọn pọ̀ jù ú lọ, wọ́n lè pa á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe wá mọ̀ ọ́n.

Ní Gombe, lẹ́bàá adágún Tanganyika ní Tànsáníà, ni Jane Goodall, tó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìnàkí kiri ní oṣù Keje ọdún 1960. Agbo tó ń tẹ̀lé, tí wọ́n ń pè ní Kasakela, pín sí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn kan dúró sí àríwá, àwọn kan gba gúúsù lọ sí àfonífojì Kahama, wọ́n sì di agbo ọ̀tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ti jọ jẹun lórí igi kan náà, wọ́n ti jọ yẹ irun ara wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, ọ̀wọ́ kan láti Kasakela, tí akọ àgbà mẹ́fà wà nínú rẹ̀, rìn wọ gúúsù láìpariwo. Wọ́n bá Godi, akọ kan láti Kahama, níbi tó ti dá nìkan wà lórí igi tó ń jẹun. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá, wọ́n lé e bá. Humphrey dì í mọ́lẹ̀, àwọn yòókù ń lù ú, wọ́n ń bù ú jẹ, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Hilali Matama, ọmọ Tànsáníà tó ń bá Goodall ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ló ṣe. Nígbà tí wọ́n fi Godi sílẹ̀, ó rọra dìde tòun tọgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún fojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ tí wọ́n ń pè ní Dé ló tẹ̀lé Godi. Goliath ti darúgbó, eyín rẹ̀ ti jẹ. Òun ni olórí nígbà kan rí, kí agbo tó pín. Wọ́n lù ú ní ọdún 1975, kò sì padà wá. Charlie lọ ní ọdún 1977, Sniff tó jẹ́ ọ̀dọ́ náà sì tẹ̀lé e kí ọdún yẹn tó parí. Kò sí akọ Kahama kan tó ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, àwọn Kasakela sì ń sùn sórí ilẹ̀ Kahama. Kò pẹ́ tí agbo mìíràn tó wà ní gúúsù, Kalande, fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n sẹ́yìn lórí ilẹ̀ náà, nítorí Kahama tó wà láàrin wọn tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́.

Nínú gbogbo wọn, Madam Bee ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Abo àgbà ni, àrùn rọlápárọlẹ́sẹ̀ sì ti rọ apá rẹ̀ kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, àwọn akọ Kasakela lù ú gidigidi, ó sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Little Bee, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ, kò kú. Agbo tó pa ìyá rẹ̀ ló gbà á, ó sì di ara wọn. Ẹ fi ìyá àti ọmọ yìí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí wọn.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Goodall ń fún àwọn ìnàkí náà ló sọ wọ́n di oníjà. Ó dára kí a bèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ngogo, nínú igbó Kibale ní Ùgáńdà, kò sẹ́ni tó ń fún ìnàkí lóúnjẹ, agégẹdú kò sì da igbó wọn rú. John Mitani, David Watts àti Sylvia Amsler tẹ̀lé agbo ńlá kan níbẹ̀. Láàrin ọdún 1999 sí 2008, agbo náà pa ìnàkí àjèjì 21, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan ṣoṣo tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn. Nígbà tó di ọdún 2009, àwọn Ngogo kó wọ ilẹ̀ aládùúgbò yẹn, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń ké níbẹ̀ bí onílé. Ilẹ̀ wọn fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i.

Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2025 ló fèsì, èyí sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pín igbó kà. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà, ọmọ 15 ni àwọn abo Ngogo bí. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bí 37. Iye ọmọ tó ń kú kó tó pé ọdún mẹ́ta wálẹ̀ láti ìdá 41 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ pọ̀, ìyá yó, ọmọ yè. Ohun tí àgbẹ̀ ń wá lórí ilẹ̀ náà ni ìnàkí ń wá, kò sì sí ìgbà tí wọ́n máa rí àjèjì lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ wọn tí wọ́n á ní kó jẹun kó yó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ààlà máa ń yà mí lẹ́nu. Ìnàkí tó jẹ́ aláriwo nínú igbó rẹ̀ a dákẹ́ lọ́ọ́ bó bá ti ń súnmọ́ ààlà. Wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á máa gbóòórùn ilẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún fetí sílẹ̀. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, Sylvain Lemoine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2023 pé bí ìnàkí bá ń lọ sí ààlà, wọ́n máa ń gun orí òkè ju ìgbà tí wọ́n bá ń padà sí àárín ilẹ̀ wọn lọ. Wọn kì í jẹun púpọ̀ lórí òkè yẹn, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn ń sinmi, wọ́n ń gbọ́ ìró tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí àwọn aládùúgbò bá jìnnà ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ síwájú.

Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ní Kanyawara, nínú igbó Kibale kan náà, àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ gbé ohùn akọ àjèjì kan ṣoṣo sáfẹ́fẹ́. Níbi tí akọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà, wọ́n á ké dáhùn, wọ́n á sì jọ wá ibi tí ohùn náà ti wá. Níbi tí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn máa ń pa mọ́ ni. Ìnàkí mọ̀ pé ìjà lè pa òun náà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sábà bá ẹni tó bá a dọ́gba jà. Michael Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìròyìn bí ìnàkí ṣe ń pa ara wọn jọ láti agbo 18, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014: bí a bá wo èyí tó wà ní agbede méjì nínú wọn, ìnàkí mẹ́jọ ló ń kọlu ẹyọ kan. Iye tí wọ́n kó jọ lápapọ̀ jẹ́ 152: òmíràn wọ́n fojú rí i, òmíràn òkú ni wọ́n bá, òmíràn wọ́n fura sí i.

Bàbá mi, tó jẹ́ ọdẹ kó tó di oníkòkó, mọ apá kan nínú èyí láìka ìwé. Ó máa ń sọ fún wa pé bí òun bá gbọ́ tí ìnàkí ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu gbòǹgbò igi ńlá láàárọ̀, tí wọ́n ń ké, òun mọ̀ pé àárín ilé wọn ni wọ́n wà. Odò kékeré kan sì wà tó ní wọn kì í ké bí wọ́n bá ti dé ẹ̀bá rẹ̀. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo òdìkejì. Ohùn àwọn mìíràn ló máa ń gbọ́ lẹ́yìn odò náà. Òun kò pè é ní ìwádìí. Ó kàn sọ fún àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé méjì ló wà níbẹ̀. Oko kòkó àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà ní ìhà méjèèjì odò yẹn báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí igbó mìíràn tí wọ́n ní kí ìnàkí kó lọ. Ta ni nínú agbo kan ló lè kó lọ sọ́dọ̀ agbo mìíràn kó sì yè? Little Bee ni, ìyẹn abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, tí kò gbé ọmọ lọ́wọ́. Bí ìnàkí ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin wọn ló ń fi ilé sílẹ̀ lọ sínú agbo mìíràn, àwọn akọ ibẹ̀ a sì gbà wọ́n. Akọ kò lè ṣe é. Abo tó gbé ọmọ pọ̀n, àjèjì ni lójú wọn, wọ́n sì lè já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n pa á. Abo àgbà, ẹ ti gbọ́ ti Madam Bee. Nítorí náà, bí agbo kan bá ní bí ogún, tí a gé igbó rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tàbí méjì ló ṣeé ṣe kó rí ibi gbé. Àwọn tó kù yóò máa rìn lẹ́bàá ààlà onílẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ebi nínú, títí ọ̀wọ́ akọ kan yóò fi rí wọn.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Lopé, ní Gàbọ́n. Lee White, tó di mínísítà ètò àyíká ní orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà, àti Caroline Tutin kíyè sí i pé níbi tí àwọn agégẹdú ti ṣiṣẹ́, iye ìnàkí já wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n gọ̀rílà tí wọ́n jọ ń gbé igbó kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ẹ̀rọ kan náà ló ń ké létí wọn, igi kan náà ni wọ́n ń gé. Àlàyé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé agbo gọ̀rílà máa ń jẹ lórí ilẹ̀ tó wọnú ara wọn, nítorí náà wọ́n lè yẹra fún ariwo fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n sì padà. Ìnàkí tó bá yẹra, orí ilẹ̀ aládùúgbò ló máa bọ́ sí. Aládùúgbò yóò bá a jà. Bí àwọn agégẹdú bá sì tún sún síwájú, agbo tó ṣẹ́gun lánàá, tó ti padánù akọ tirẹ̀ náà nínú ìjà, ni yóò tún sá lọ bá agbo kẹta. Ogun ń ṣí lọ níwájú ẹ̀rọ, kò sì sí agégẹdú kankan tó gbé ìbọn sókè.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbi kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi gbogbo ẹ̀bi lé ènìyàn lórí. Ìwádìí ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Wọ́n bèèrè bóyá ibi tí ènìyàn ti ń da ìnàkí láàmú jù ni wọ́n ti ń pa ara wọn jù. Wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Iye akọ tó wà nínú agbo àti bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ jù. Àwa kọ́ la kọ́ ìnàkí ní ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀ wọn sí nìyí, tó sì tún ti agbo kan wọ ilẹ̀ agbo mìíràn, kò lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́. Kí a máà mọ̀ ni ìbá jẹ́ àwáwí, a sì ti mọ̀ ọ́n láti ọdún 1974.

Olùkọ́ kan tí a jọ ṣiṣẹ́ bi mí bóyá kì í ṣe àwọn bonobo, ìbátan ìnàkí tó jọ ọ́ púpọ̀, ni àwọn tiwa yóò fi ìwà jọ. Ó gbọ́ pé àwọn yẹn kì í pa ara wọn. Lóòótọ́ ni pé ní Kokolopori, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò ti Kinshasa, agbo bonobo méjì máa ń pàdé, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á tún yẹ irun ara wọn wò. Ṣùgbọ́n gúúsù odò Kóńgò nìkan ni bonobo ń gbé láyé yìí, kò sí ọ̀kan ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń ṣètò igbó Ìṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é fún ẹranko tó wà nínú igbó Ìṣẹ̀.

Àwọn mìíràn tí inú wọn dára sọ pé kí a mú àwọn tó wà níbi tí a fẹ́ gé, kí a fi ọkọ̀ kó wọn lọ sí igbó Ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ ní Conkouati-Douli, ní Kóńgò ti Brazzaville. Ní ọdún 1996 ni àjọ HELP Congo, tí Aliette Jamart dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìnàkí tí wọ́n tọ́ láti kékeré padà sínú igbó níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn dókítà ẹranko tẹ̀lé wọn kiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yè. Síbẹ̀ àwọn akọ inú wọn jìyà lọ́wọ́ ìnàkí igbó tó ti wà níbẹ̀. Wọ́n fi eyín ya wọ́n, àwọn kan sì kú. Níbi tí dókítà àti owó wà nìyẹn. Bí a bá kàn ja ìnàkí Ìṣẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ọmọ, a fi wọ́n lé àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Kí ẹ má sì rò pé ohun tó bá kú yóò tètè padà. Abo ìnàkí lè tó ọdún 13 tàbí 14 kó tó bímọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó bí òmíràn. Agbo tó bá pàdánù akọ mẹ́ta nínú ìjà kan kò ní lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní igbó tí agbo rẹ̀ pọ̀ bíi Kibale, a lè sọ pé ẹni tó ṣẹ́gun bí ọmọ dípò. Níbi tí agbo tó kù kò ju ohun tí a lè fi ìka kà, kò sí ẹni tó ń jèrè nínú ìjà náà.

Nítorí ìyẹn ni n kò fi gba ìmọ̀ràn àwọn tó ní kí a pín in ní ìdajì-ìdajì, ìdajì fún oko, ìdajì fún ẹranko. Lórí bébà ó dà bí ìdájọ́ tó tọ́. Bí agbo méjì bá wà nínú igbó kan, tí a gé ilẹ̀ ọ̀kan, kì í ṣe agbo méjì ni yóò kù sínú ìdajì tó kù. Agbo kan ni yóò kù, tí ìjà ti dín òun náà kù. Bí a bá sì gé ààlà láàrin ilẹ̀ àwọn méjèèjì, a ti ti àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ekìtì tó fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kankan nínú igbó Ìṣẹ̀, kí wọ́n rán àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wọlé, kí wọ́n mọ agbo tó wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń sùn, igi tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ń so mọ́ igi lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, àwọn ọdẹ àgbà tó ṣì wà láàyè ní Ìṣẹ̀ sì lè ṣe èyí tó kù bí a bá bẹ̀ wọ́n, tí a sì sanwó fún wọn. Ilẹ̀ tó bá jẹ́ ti agbo kan, kí wọ́n fi sílẹ̀ lódindi. Kí wọ́n fi igbó ẹ̀bá odò sílẹ̀ láàrin àwọn igbó tó kù, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìnàkí lè máa rí ọ̀nà gbà lọ sọ́dọ̀ agbo mìíràn láìkọjá lórí títì àti oko. Kí wọ́n san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lásìkò, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí ebi ń pa ló ń ṣílẹ̀kùn fún agégẹdú lóru.

Ní ti àwa oníkòkó, ọ̀rọ̀ wa kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo rìn káàkiri oko àwọn ará wa, èyí tó pọ̀ jù nínú igi kòkó tó wà níbẹ̀ ló ti darúgbó. Àwọn òbí wa ló gbìn ín, àrùn èso dúdú sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí oko àtijọ́ kò bá so mọ́ ni ojú wa ń lọ sínú igbó tuntun. Bí ìjọba bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí wọ́n gbé irúgbìn kòkó tuntun tí àwọn CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ti mú jáde dé Ìṣẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń gé igi tó ti gbó kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe kí kòkó wa má baà hu funfun kó tó dé ọjà. Èmi yóò wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ wá gba irúgbìn náà.

Olóòtú, ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn tó ń bójú tó igbó ní Adó-Ekìtì àti àwọn aṣòfin wa: agbo ìnàkí mélòó ló wà nínú igbó tí ẹ fẹ́ pín yìí, níbo sì ni ààlà wọn? Bí wọ́n bá ní ìdáhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ká lè kà á. Bí wọn kò bá ní i, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n máa rán ènìyàn wọ igbó lọ wò ó, kí ẹ sì tẹ ọjọ́ náà jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ fẹ̀yìntì àti oníkòkó kan,
Ìṣẹ̀-Ekìtì